Ṣéèlì kì í ṣe òkúta rírọ̀ lásán

Olóòtú wa,

Inú mi dùn sí àpilẹ̀kọ yín lórí òkúta ṣéèlì, ìyẹn òkúta alábala tí amọ̀ àti ẹrẹ̀ dì di, ṣùgbọ́n pípè tí ẹ pè é ní òkúta rírọ̀ kò tó. Nínú èyí tí mo mú lọ́wọ́, èékánná mi ṣí abala amọ̀ kan kúrò. Hóró quartz inú rẹ̀, ìyẹn èròjà òkúta kan tó le gan-an, sì ha gíláàsì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì olójú mẹ́ta tẹ ojú rẹ̀ tí wọ́n ti dán, ní àmì tó kéré ju ìbú irun lọ, tí wọ́n sì ń ka agbára títẹ̀ àti bí ó ti wọlé tó. Ìgbà tí agbára náà bá ń dínkù, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Oliver àti Pharr ti là á sílẹ̀ ní 1992, ni wọ́n ti ń ṣírò líle rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó: ọ̀pọ̀ ìgbà ni, lójú abala àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ, kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sórí àpáta líle Ìlọrin má baà ṣì í mú.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan, Ìlọrin.