Ìkéde Fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Gáàsì Tó Ń Jò Lẹ́nu Kànga

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín o. Òfin tí Amẹ́ríkà fi ń kápá ohun tó ń tú sáfẹ́fẹ́ láti inú kànga gáàsì la máa jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ní 2012, EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká níbẹ̀, ṣòfin fún àwọn kànga tí wọ́n ń fi omi alágbára fọ́ àpáta wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, omi, iyanrìn àti gáàsì jọ máa ń tú jáde pọ̀ ni. Láti oṣù kìíní 2015, ó di dandan fún ọ̀pọ̀ kànga tuntun láti ya gáàsì yẹn sọ́tọ̀, kí wọ́n darí rẹ̀ sínú páìpù fún títà. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀: ohun tí ì bá ba afẹ́fẹ́ jẹ́ di owó.

Ṣùgbọ́n mẹ́táànì, èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì kànga, kò ṣeé fojú rí. Ìdérí táǹkì tí kò dé dáadáa lè máa tú u jáde láìsí ẹni tó mọ̀. Láàárín 20 ọdún, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ooru tó ń fà ju ìlọ́po 80 ti kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá tó dá lórí wíwá ibi tó ń jò nínú òfin tuntun tí EPA tẹ̀ jáde ní 2024 lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì kọ ìbéèrè yín wá. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà, kó sọ fún mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́