Iṣẹ́ Ọwọ́ Gíwá Ni Ká Wò, Kì Í Ṣe Ìlú Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí sáà gíwá kan bá ti ń lọ sópin ní Yunifásítì Ìlọrin, ìbéèrè tó máa ń gba ẹnu wa kan ni pé ọmọ ìlú wo ló kàn. Ọdún 2027 ni sáà gíwá tó gorí àga ní 2022 yóò parí, ariwo náà kò sì ní pẹ́ gbalẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, mo fẹ́ kí a rántí bí àga ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1975, lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tekena Tamuno, ọmọ Okrika, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi padà sí Ìbàdàn láti lọ ṣe gíwá níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, ló wá gba ipò náà. Dókítà ni bàbá náà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ni wọ́n mọ̀ jù, wọ́n sì ti ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1976, nínú ọgbà kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí mini-campus, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa wọ mọ́tò Tanke lọ sí yunifásítì. Wọ́n di gíwá àkọ́kọ́ ní 1977, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn tó sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì. Ní 1978 wọ́n ti wà ní Zaria, wọ́n ń ṣe gíwá Yunifásítì Ahmadu Bello.

Sáà náà kò gùn rárá, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò wọn di èyí tí a mọ̀ mọ́ ètò COBES, tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì lọ sáàárín ará ìlú. Ẹni tó bá ti gbé ìgbèríko Kwara yóò ti rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ tó wọ kóòtù funfun, tí wọ́n ń gba agboolé dé agboolé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n ń bi ìyá àgbà léèrè ibi tó ti ń pọn omi mímu, iye ọmọ tó bí àti iye tó kù láyé, tí wọ́n á sì wé ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá níbi tó jókòó sí lórí àpótí. (Àwọn ìyá mìíràn kọ́kọ́ máa ń rò pé agbowó-orí ni wọ́n.) Bó bá jẹ́ pé “ọmọ ta ni” ni wọ́n fi yẹ ọmọ Oǹdó yìí wò, a ò bá ti dá a padà láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamsudeen Amali wá láti Benue, ó ṣe gíwá láti 2002 sí 2007. Ẹni tó tẹ̀lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n yunifásítì yìí kan náà ló ti kàwé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́ ọ sí. Òótọ́ ni, ẹ̀tọ́ wa sì wà nínú ìlànà ìgbàwọlé tó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Ibẹ̀ ló yẹ ká dúró sí, ká máa bi wọ́n bóyá wọ́n ń tẹ̀lé e.

Sáà ọdún márùn-ún kan ṣoṣo ni òfin fún gíwá, kò sì sí ìkejì tí yóò fi tún àṣìṣe wa ṣe. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ alákòóso tó mú ẹnì kan nínú orúkọ mẹ́ta tí wọn yóò gbé wá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí aráàlú mọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti ṣe nígbà tó ń darí ẹ̀ka rẹ̀: bóyá èsì ìdánwò ń jáde lásìkò, bóyá omi ń yọ ní yàrá àyẹ̀wò, bóyá ó ṣírò owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.