Ẹ̀yin Olóòtú, omi gbígbóná kọ́ ni oògùn ara yíyún

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí náà. Mo ka lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lójú ìwé ìlera lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹnìkan ti ní kí ẹni tí ara bá ń yún lásìkò yìí máa fi omi tó gbóná dáadáa wẹ̀, kó fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn bó ara ẹ̀, kó sì da apakòkòrò díẹ̀ sínú omi. Mi ò mọ onítọ̀hún, mi ò sì fẹ́ bá a jà, àmọ́ ohun tó ní kí wọ́n ṣe yẹn gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí ìsọ̀ mi. Òrí, àdín àti òróró àgbọn ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí l'Adó. Ẹ má rò pé torí àtitajà ni mo ṣe ń kọ̀wé o, ẹ kàn kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i.

Atẹ́gùn ọyẹ́ tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà yìí, omi ló ń fà lára gbogbo nǹkan, àní ilẹ̀kùn ilé ń sán, ká tó wá sọ ti awọ èèyàn. Ọlọ́run sì ti fi òróró tiẹ̀ sára awọ wa tí kì í jẹ́ kí omi inú ẹ̀ tètè lọ, òróró yẹn wá ni omi gbígbóná àti ọṣẹ tó le máa ń ṣí kúrò. Èèyàn á wẹ̀ tán, ara á tù ú díẹ̀, kó tó wọṣọ tán ó ti ń họra, lálẹ́ á tún gbé omi mìíràn kaná. Mo mọ bí Ekiti ṣe ń tutù láàárọ̀ ọyẹ́, pàápàá àwọn èèyàn wa ní Ẹ̀fọ̀n lọ́hùn-ún láàárín òkè, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi omi tútù pa ara ẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó, kéèyàn má sì pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 10 nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá wù kó lọ sí Ìkọ́gòsì lọ gbádùn omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú, ká má kàn sọ balùwẹ̀ ilé di Ìkọ́gòsì láàárọ̀ lálẹ́.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́, eérú àti àdín la fi ń sè é, eérú yẹn sì lágbára, èyí tí kò bá jinná dáadáa máa ń ta ara ni. Abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀ ló nílò ọṣẹ lójoojúmọ́. Ojúgun àti apá tó ti gbẹ, kí omi kàn kọjá níbẹ̀. Apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sì yẹ kó dúró sí ilẹ̀.

Ìgbà téèyàn bá wẹ̀ tán gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má nu ara gbẹ fúúfúú, ẹ fi táwẹ́lì tẹ omi yẹn díẹ̀díẹ̀, kí ara ṣì tutù, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé kẹ́ ẹ ti pa òrí. Òrí kì í bu omi sára o, ńṣe ló ń dé èyí tó wà níbẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, tẹ́ ẹ bá wá fi pa ara tó ti gbẹ, kí lẹ dé? Bó bá ti dì torí òtútù ẹ má gbé e sórí iná, ẹ fi èékánná ha díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì lọ̀ ọ́ títí hóró inú ẹ̀ á fi yọ́ tí ọwọ́ á máa dán, ìgbà yẹn lẹ wá pa á, ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti gìgísẹ̀ ẹ tún pa tiwọn lálẹ́. Lójoojúmọ́ ni o, títí kan ọjọ́ tí ara ò yún. Ẹni tí kò bá fẹ́ òórùn òrí, kó ra fásílìn tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, èmi ò sì tà á.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn tíúbù kíríìmù tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ láàárín Adó sí Ìkẹ́rẹ́, pé ẹ̀yún á lọ lóòjọ́. Òótọ́ ni, á lọ. Oníbàárà mi kan ká ọwọ́ súwẹ́tà ẹ̀ sókè fún mi, awọ apá ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé iṣan hàn ketekete lábẹ́ ẹ̀, oríkèé ọwọ́ ẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ara ń yún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbàkígbà tó bá dáwọ́ dúró. A wo ara tíúbù náà, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kéré bí nǹkan míì, clobetasol, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára gan-an, ló wà níbẹ̀. Òun àti betamethasone, oògùn gidi ni wọ́n, dókítà lè fúnni fún èékisímà, ìyẹn àìsàn tó ń mú awọ gbẹ tó sì ń yún, ṣùgbọ́n clobetasol kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 ní ìtẹ̀léra, wọn kì í sì í fi wọ́n ṣe ìpara. Tó bá wá jẹ́ làpálàpá lẹ fi pa, ó máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, làpálàpá á máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yún kọ́ ló sì jẹ́ ti ọyẹ́. Tó bá jẹ́ òru ló ń yún jù, tó wà láàárín ìka, tí ọmọ, ìyá àti ẹ̀gbọ́n sì jọ ń họra, kúrúnà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, òrí ò lè ṣe é, gbogbo ilé ló máa lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fọ aṣọ àti aṣọ ìbora. Àwọn tó ń dáko létí odò, kòkòrò tó ń jẹni níbẹ̀ lè kó aràn tó ń mú ara yún tó sì ń fọ́ ojú sí wọn lára, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín oògùn Mectizan, tí ilé iṣẹ́ apoògùn Merck ti ń fi tọrẹ láti ọdún 1987, ẹ má kọ̀ ọ́ tí wọ́n bá gbé e dé. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ń rù, ọsibítù tààrà ni o.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ bá wa tẹ orúkọ clobetasol àti betamethasone yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì ní kí dókítà awọ ara kan ṣàlàyé wọn ní Yorùbá fún àwọn ìyá wa tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tó bá jáde, ẹ̀dà méjì ni màá rà, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan máa lẹ̀ mọ́ iwájú ìsọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá Olórìí, Adó-Ekiti.