Àṣàbí, jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n má rà á mọ́

Àṣàbí mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Màmá ní kí n kí ọ. Ara wọn ti ń yá, orúnkún nìkan ló kù. Mo ti rí àwòrán ọmọ, ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, má bá mi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí kò ṣeé fi di ọ̀la. O ní o ti fi líǹkì mi, èyí tí Amazon fi ń mọ̀ pé èmi ni mo mú oníbàárà wá, ránṣẹ́ sí gbogbo ará ilé ọkọ rẹ, pé ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lórí Amazon, ibẹ̀ ni kó gbà, kí owó lè máa wọlé fún mi. Ìfẹ́ ló mú un wá, mo mọ̀, o ò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n dá a dúró. Òfin Amazon ò gbà kí ẹbí àtọ̀rẹ́ máa ra ọjà gba orí líǹkì ẹni láti fi ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n lè ti àkáǹtì mi pa, owó tó wà nínú rẹ̀ á sì há síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀, tó ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀, tó sì gbà á gbọ́, òun ni wọ́n fẹ́ kí n mú wá. Èmi náà, òun ni mo ń wá.

Bísí ló ń já mi láyà. Ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ pé affiliate, ìyẹn iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, kéèyàn máa mú oníbàárà wá gba kọmíṣọ̀n, ni òun náà ń ṣe, pé kó kọ́kọ́ san owó ìwọlé, kó wá mú àwọn míì wá, kí àwọn yẹn náà san. Mo bi í pé ọjà wo ni wọ́n ń tà. Ó dákẹ́. Àṣàbí, ọ̀fẹ́ la ń wọ ti Amazon. Inú ọjà tí oníbàárà rà ni kọmíṣọ̀n wa ti ń jáde. Níbi tó bá jẹ́ pé owó ẹni tuntun ni wọ́n fi ń san ti ẹni àná, àwọn tó wọlé kẹ́yìn ló máa ń sunkún. Mo ṣàlàyé títí, ó ní ìlara ni mò ń ṣe. Èmi àti Bísí! Ó dùn mí wọra. Ó sì ti ń sọ pé òun fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó máa ń gbọ́ tìrẹ. Pè é, má sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Jẹ́ kó mọ̀ pé ojúlówó gan-an kì í yá. Bí èèyàn bá tẹ líǹkì mi lónìí, wákàtí 24 péré ni mo ní. Bí kò bá rà á, tí kò sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ìtajà wọn kí àkókò yẹn tó pé, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ rí ọjà 3 tà láàárín ọjọ́ 180, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ọ́. Owó oṣù yìí, ó di nǹkan bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí oṣù bá parí kí n tó rí i, bí oníbàárà bá sì dá ọjà padà, wọ́n á yọ tèmi náà kúrò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n gé ìdá tí wọ́n ń san lórí àga àti ohun èlò ilé láti 8 nínú ọgọ́rùn-ún sí 3. Kí ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ wá ṣe báwo?

Ó ní adùn tirẹ̀ ṣá. Láìpẹ́ yìí ẹnì kan gba orí líǹkì ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, okùn ajá ló rà, kọmíṣọ̀n rẹ̀ sì wọlé fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ilé iṣẹ́ kan ń bẹ̀ mí kí n yin ẹ̀rọ wọn, ìdá tí wọ́n máa san sì ju ti Amazon lọ dáadáa. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí, mi ò sì ní yin ohun tí mi ò mọ̀. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lórí tábìlì rẹ nínú àwòrán yẹn! Ojú olójú ò jọ ojú ẹni: bó bá dé ibi tí jíǹsì ti ká léra, ṣé abẹ́rẹ́ ń wọlé àbí ó ń ṣẹ́? Ṣé òwú máa ń dì lábẹ́ aṣọ? Ṣé ariwo rẹ̀ ń jí ọmọ? Kọ ọ́ bó ṣe rí, ìbáà jẹ́ èébú. Bí kò bá dára, màá kọ ọ́ pé kò dára, kí wọ́n gbé owó wọn lọ. Màá dárúkọ rẹ bí o bá fẹ́, màá sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè ojú ewé, bí mo ṣe máa ń ṣe, pé mò ń gba kọmíṣọ̀n. Àwọn kan ní kí n máa fi í pamọ́ sísàlẹ̀. Mo kọ̀. Àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà, pàápàá ní ó gbọ́dọ̀ hàn kedere, ẹni tó sì fẹ́ náwó rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Àmọ́ Bísí ni kí o kọ́kọ́ pè. Lónìí, tó bá ṣeé ṣe.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́