Lẹ́tà sí Ìyá Dúpẹ́, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ikra olú, olú lílọ̀ tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń fi jẹ búrẹ́dì

Ìyá Dúpẹ́ mi,

Alẹ́ àná ni Dúpẹ́ pè mí pé ẹ ti papò dà, pé ẹ̀bá Tver ní Rọ́ṣíà níbẹ̀ ni wọ́n sin yín sí. Oorun ò kùn mí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gba Bódìjà lọ, mo ra olú, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́.

Olú tí wọ́n gbìn ni, kì í ṣe tinú igbó, síbẹ̀ mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù bíi tiyín. Ẹ rántí ariwo Ìyá Àgbà? Wọ́n ru olú láti oko wá, ẹ da omi ẹ̀ nù, wọ́n ní adùn ọbẹ̀ lẹ dà sí gọ́tà yẹn. Nígbà tí wọ́n tọ́ ikra yín wò lórí búrẹ́dì, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n tún na ọwọ́.

Mo dín àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì títí wọ́n fi rọ̀, mo lọ olú mọ́ ọn, mo wá rẹ iná sílẹ̀ kí omi ẹ̀ lè gbẹ, kí òróró yọ sójú. Aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló kẹ́yìn. Ewé ukrop yín, ewé títa sánsán yẹn, nìkan ni kò sí.

Ẹ̀rọ ìlọran yín ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1993, lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ mọ́ tí ẹ lọ, èmi ni mo ń yí ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ń ki olú sí i lẹ́nu, ẹ ń sọ bí ẹ ṣe máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sígbó nínú oṣù kẹsàn-án, tẹ̀yin ti agbọ̀n. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti di ẹrù nígbà yẹn, àbí? Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, ẹ ti mú Dúpẹ́ lọ. Ìgò ikra wà nínú fíríìjì, ẹ ò dé e pa, torí ẹ máa ń ní olú tí a bá sé mọ́ inú ìgò lè bí májèlé tí kì í rùn. Ẹ rántí ìdérí ìgò. Ẹ ò rántí kí ẹ dágbére fún mi. Ta lẹ sè é fún? Bọ̀dá kì í jẹ ẹ́. Wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ó fi bu.

Mo mọ̀ pé náírà ti wó, mo mọ ohun tí àwọn ẹbí ń sọ sí yín. Pé ẹ lọ kọ́ ló dùn mí. Pé mò ń yí ẹ̀rọ yẹn, tí inú mi ń dùn, tí ẹ sì ń wò mí.

Ìyá mi, físà tèmi ti jáde. Ti Fẹ́mi ò jáde. Bàbá ẹ̀ ní Kánádà ní kí n máa bọ̀, kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá òun ná. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ó dúró tì mí báyìí, ó ní òun fẹ́ bá mi ro ìkòkò. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mo wá ń da ìbéèrè agbọ̀n bò yín? Ṣé ẹ tiẹ̀ sọ fún Dúpẹ́? Mo bi í lánàá, ó lóun ò rántí.

Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ òní ni n ó sọ fún Fẹ́mi, kó sunkún lójú mi, kó bi mí ní gbogbo ohun tó bá fẹ́ bi mí.

Ọmọ yín,
Ṣadé