Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ fótò ẹyẹ yẹn

Bọ̀dá Múyìí, ẹ kú ilé o, ṣé Màámi ti ń rìn dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ò ṣàìsàn? Mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tán. N ò fẹ́ pè yín padà torí ariwo ló máa dà, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́.

Ẹ ní mò ń ya ẹyẹ tí ò lórí nígbà tí òjò ń wọlé bá Màámi ní Mọ́kọ́lá. Ẹyẹ yẹn lórí, Bọ̀dá. Flamingo ló ń jẹ́, oorun ló ń sùn. Tó bá fẹ́ sùn, á ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ikùn, á yí ọrùn gígùn yẹn sẹ́yìn, á ki ẹnu bọ àárín ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan míì ju ìyẹ́ rogodo lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín kan. Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kán, kì í sì í ṣe àmì kankan. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ fi òkú ẹ̀ wò ó, òkú náà dúró lẹ́sẹ̀ kan, torí náà ó jọ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀ wọ́n.

Ní Cagliari ní Ítálì tí mo wà yìí, adágún Molentargius wà láàárín ìlú. Iyọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di 1985, nígbà tó di 1993 àwọn ẹyẹ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin síbẹ̀. Edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ yẹn ló ń sọ ìyẹ́ wọn di pupa rẹ́súrẹ́sú, ọmọ wọn kì í pupa rárá, àwọ̀ eérú ni.

Mi ò ṣeré o. Tí mo bá jáde ní kíṣìnì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo tó ń lọ síbẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kò sí fótò, mo máa padà sílé ni. Àmọ́ tó bá rọlẹ̀ tí oòrùn sì ń wọ̀, omi á dà bíi dígí, ẹyẹ kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tòkè á so mọ́ tìsàlẹ̀ gbọọrọ. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí kámẹ́rà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, n kì í sún mọ́ wọn, lẹ́ǹsì gígùn ni mo fi ń fà wọ́n, torí tí ọ̀kan bá jí tó gbé ẹsẹ̀, omi á ru, tìsàlẹ̀ á fọ́ yánkanyànkan. Oorun tí wọ́n ń sùn ló ràn mí lọ́wọ́, wọn ò mira, kámẹ́rà lè la ojú pẹ́ kó fi kó ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ṣẹ́kù. Ó dùn mọ́ mi, Bọ̀dá, mi ò ní parọ́ fún yín.

Èyí tẹ́ ẹ bú yẹn gan-an, ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ti rà á, ó fẹ́ gbé e kọ́ síbi tí àwọn àlejò ti ń jẹun. Owó ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ fún páànù. Owó wà nílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ránṣẹ́ ṣáájú Iléyá ńkọ́? Ẹ ní káfíńtà ti gbà á, Màámi ní àwọn ò tíì fojú kan káfíńtà kankan. Ta lẹ san án fún, èló sì ni? Mi ò fẹ̀sùn kàn yín o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, torí tí òjò bá tún wọ yàrá wọn, èmi ni wọ́n máa pè lóru. Ẹ ya òrùlé yẹn sí mi kó tó di Jímọ̀, kẹ́ ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà káfíńtà náà, màá bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Àbúrò yín,
Sàkírù