Lẹ́tà sí Akin lórí kọ̀ǹpútà géèmù tí mo ń tò

Ìbàrà, Abẹ́òkúta.

Akin, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Jámánì. Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà.

Nínú lẹ́tà rẹ, o gbà mí níyànjú pé kí n fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó mi ra graphics card, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, kí n sì fi ìyókù wá àwọn nǹkan tó kù. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín ṣe é. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, iná lè lọ ní ọ̀sán kí ó dé ní òru, bó bá sì dé, ó lè wá pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù yóò kàn máa pọ́n tí kò ní tàn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí power supply, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, ṣáájú ohun gbogbo. Tuntun ni mo rà, oníwáàtì 550, tó ní àmì 80 Plus Bronze tó fi hàn pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, mo sì ra UPS tì í, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Àwọn kan máa ń ta case, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, tí power supply ti wà nínú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí o bá fi ọwọ́ gbé irú power supply bẹ́ẹ̀, bó ṣe fúyẹ́ tó yóò bà ọ́ lẹ́rù. N kò lè fi owó mi sábẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Graphics card ní láti dúró ná. Mo ra processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Ryzen 5 5600G, èyí tí ẹ̀rọ àwòrán ti wà nínú rẹ̀, mo sì gbé e ka motherboard B550, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́. Ẹ̀rọ àwòrán yìí kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, ti RAM, mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló ń yá lò. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí òǹtajà kan ní Computer Village ní Ìkẹjà fẹ́ ta RAM 16GB ẹyọ kan fún mi. Mo ní 8GB méjì ni mo fẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni ìsọfúnni yóò máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù yóò sì sáré ju ti ẹyọ kan lọ dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ lọ láti Ládérin, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, mo sì sọ̀ ní Agége. Ó tù mí lára ju ojú títì lọ, pàápàá nígbà tí mo ń bọ̀ tí mo gbé case lé itan.

Èmi fúnra mi ni mo tò ó, lórí tábìlì ìjẹun. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo rí àmì onígun mẹ́ta kékeré tó wà ní igun processor náà, tí mo fi í kojú sí irú rẹ̀ lára motherboard, tí gbogbo irin wínníwínní abẹ́ rẹ̀ sì wọ ihò wọn láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ rárá. RAM kọ́kọ́ ń sáré ní 2133; mo wọ BIOS, ibi tí a ti ń to ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, mo tan XMP tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìwọ̀n tí wọ́n tà á fún, ó sì di 3200. Géèmù bọ́ọ̀lù ń lọ geere báyìí ní 1080p (ìwọ̀n àwòrán Full HD) bí mo bá dín ẹwà àwòrán rẹ̀ kù, bí iná bá sì lọ, UPS máa ń fún mi láyè láti pa á bó ti yẹ.

Ibi tí mo ti nílò rẹ nìyí. Jọ̀wọ́, bá mi wá graphics card RX 6600 àlòkù lọ́dọ̀ yín, èyí tó ní fáànù méjì. Wáàtì 132 péré ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà power supply mi yóò gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Mo mọ̀ pé PCIe 3.0, ọ̀nà àtijọ́ tí card fi ń bá processor sọ̀rọ̀, ni 5600G ń lò àti pé yóò dín eré card náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn. Kí ẹni tó fẹ́ tà á fi géèmù sí i lójú rẹ fún bí ìdajì wákàtí, kí o máa wo ojú àwòrán bóyá àmì àjèjì kan yóò yọ, kí o sì fetí sí ìró fáànù rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ iye rẹ̀ fún mi kí o tó sanwó, kí n lè tètè fi owó náà ránṣẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ayọ̀